Wọ́n So Ọkọ̀ Mọ́ Ààlè

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ aláfẹ́ kan wọ ọ̀sà Nukuvesi, ìyá àgbà Vilimaina ti béèrè ìbéèrè rẹ̀ kó tó béèrè omi tí yóò fi bọ́jú.

"Seru, ó ku mélòó?"

"Ó ku méje, Màmá."

"Méje." Ìyá náà fi ọwọ́ pa ìró dúdú tó wà nídìí rẹ̀ bí ẹni ń pa ológbò lára. "Ṣé o rí i? Mo ní mi ò ní kú. Tó bá di ọjọ́ náà, orí ẹja ni kí wọ́n bù fún mi o. Kí ẹnikẹ́ni má bu ìrù fún mi. Mi ò léyín, ṣùgbọ́n mo ṣì lè fa ojú ẹja mu."

Seruwaia, àkọ́bí rẹ̀, rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ti ṣọ̀wọ́n nílé wọn láti ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀, Nemani, baálẹ̀ Nukuvesi, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ratu, sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìpàdé. Lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn náà ni wọ́n pa ààlè sí ibi ẹja tó dára jù lọ ní erékùṣù wọn, ìyẹn àpáta inú omi tó wà lọ́ọ̀ọ́kán iwájú abúlé, wọ́n sì ri òpó kan mọ́ ọn láti fi ṣe àmì. Kò gbọdọ̀ sí ìwọ̀, kò gbọdọ̀ sí àwọ̀n, kò gbọdọ̀ sí ọ̀kọ̀ níbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Lọ́jọ́ tó bá pé, gbogbo ìlú á bọ́ aṣọ dúdú, wọ́n á wọ omi, ẹja tí wọ́n bá sì kó bọ̀ ni wọ́n á fi ṣe àsè lójú oórì. Bó bá pọ̀, iyì òkú ni. Bó bá wọ́n, àwọn ará erékùṣù òdìkejì á gbọ́, wọ́n á sì ní àwọn èèyàn Nukuvesi ò lè kó ọ̀fun wọn níjàánu nítorí baálẹ̀ wọn.

Òfin kan ló le níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pẹja lábẹ́ ààlè kí ọjọ́ tó pé, kíkà náà dà nù nìyẹn. Láti orí ení ni wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Okùn kan wà lára ògiri yàrá ìyá àgbà, okùn tí wọ́n fi èèpo àgbọn ṣe. Àràárọ̀ ni Seruwaia ń ta kókó kan sí i. Ẹ̀gẹ́ bíbọ̀ àti ewé kókò ni wọ́n ń jẹ ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, tí ẹja ń fò lójú omi níwájú wọn bí ẹni ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Nọ́ọ̀sì tó ń bá ọkọ̀ ìjọba wá lóṣooṣù ti gbọ́ àyà ìyá àgbà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti pe Seruwaia sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní kí wọ́n má fi ohunkóhun tó bá wù ú dù ú mọ́. Nínú gbogbo ohun tó wà láyé, orí ẹja ló wù ú, lójú oórì ọkọ rẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti bọ́ aṣọ dúdú. Ọjọ́ méje ló kù.

Orí òkè, nínú oko ẹ̀gẹ́, ni Seruwaia wà nígbà tó rí ìgbòkun funfun.

Ọkọ̀ aláfẹ́ kì í ṣe nǹkan tuntun ní Nukuvesi. Bí afẹ́fẹ́ gúúsù ìlà-oòrùn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ déédéé, wọ́n á máa yọ láàárín àpáta lọ́kọ̀ọ̀kan, òyìnbó méjì méjì nínú ọkọ̀ tó gùn ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn, inú rẹ̀ ni wọ́n ń dáná, wọ́n á sì sá pátá wọn sórí okùn kí gbogbo ìlú lè rí i. Àwọn kan á bá wọn tún ẹ́ńjìnnì iná ìlú ṣe kí wọ́n tó lọ. Àwọn kan á ya fọ́tò èèyàn láìkí i, wọ́n á gba ìbẹ́pẹ, wọ́n á lọ. Ṣùgbọ́n aláìmoore inú wọn pàápàá mọ ohun kan, nítorí ìwé tó ń kọ́ wọn ní àṣà wà nínú ọkọ̀ gbogbo wọn: kí ìdákọ̀ró tó jókòó dáadáa nínú iyanrìn, wọ́n á ró ìró, wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á gbé gbòǹgbò yangona lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀. Agbẹnusọ baálẹ̀ á fọwọ́ kàn án, á pàtẹ́wọ́, á sọ ọ̀rọ̀ ìgbàlejò, wọ́n á sì lọ gbòǹgbò náà sínú omi, wọ́n á jọ mu ún. Láti ìgbà yẹn, ọmọ ilé ni àlejò. Ohun tó bá ṣe é ti ṣe Nukuvesi, ohun tó bá sì ṣe, Nukuvesi ló ṣe é.

Àwọn ti òní ò wá sí etíkun. Seruwaia dúró ti ọkọ́ rẹ̀, ó ń retí wọn, kò rí wọn. Ọkọ̀ rọ́bà kékeré kan ló sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ńlá, ọkùnrin kan àti obìnrin kan wà nínú rẹ̀, ó sì gba ọ̀dọ̀ àpáta lọ tààrà. Ọkùnrin náà na ọwọ́. Ó di òpó ààlè mú. Ó mú okùn ọkọ̀ rẹ̀, ó so ó mọ́ ọn, ó fà á kó lè mọ̀ bóyá ó le, ó gbé ìbọn apẹja, ó bẹ́ sómi.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Seruwaia fi di imọ̀ àgbọn mọ́ òpó yẹn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ya etí ìró bàbá rẹ̀, tó ta á mọ́ orí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ ẹ. Inú rẹ̀ ru débi pé kò rántí bí òun ṣe sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì ti ń dùn ún láti ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn orúnkún gbọ́ràn. Ó ti ọkọ̀ igi rẹ̀ sómi, ó mú àjẹ̀, ó ń wà á lọ, ó ń sọ̀rọ̀ sókè ní òun nìkan.

Obìnrin inú ọkọ̀ rọ́bà rí i lókèèrè, ó ṣí fìlà koríko ńlá orí rẹ̀, ó fi ń jùwọ́ sí i. Inú rẹ̀ ń dùn, ìyẹn ló tún bí Seruwaia nínú jù.

"Ẹ káàárọ̀ o!" ni obìnrin náà ń wí ní gẹ̀ẹ́sì. "Ṣé ìbẹ́pẹ lẹ gbé wá tà?"

"Ìbẹ́pẹ?" Gẹ̀ẹ́sì tí Seruwaia kọ́ nílé ìwé kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ gbóná tó báyìí rí. "Ìbẹ́pẹ kẹ̀! Ìbẹ́pẹ ni mo fi jọ lójú ẹ? Tú okùn yẹn! Tú u kí n tó fi àjẹ̀ yìí tú u fún ẹ!"

"Ẹ... ẹ jọ̀ọ́, kí la ṣe?"

"Ààlè bàbá mi lẹ so ọkọ̀ mọ́! Ṣé nílé tiyín, ẹ máa ń so ẹṣin mọ́ àgbélébùú orí sàréè ni?"

Ìgbà yẹn gan-an ni ọkùnrin náà yọ orí lómi. Ó gbé ọwọ́ sókè bí ọmọdé tó gbapò kìíní. Ẹja sanga ló wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ rẹ̀, ó tóbi tó ọmọ ọdún méjì, ara rẹ̀ ń dán, ó ṣì ń jà. Ní Nukuvesi, ẹja baálẹ̀ ni sanga. Kó tó kú, Ratu Nemani nìkan ni wọ́n ń gbé orí rẹ̀ fún.

Seruwaia wo ẹja náà, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe ẹkún àánú, ẹkún ìbínú ni, èyí tó máa ń ta ojú bí ata.

Joost ni ọkùnrin náà ń jẹ́, Hanneke ni ìyàwó rẹ̀, ará Họ́lándì sì ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí òpó náà jẹ́, ojú Joost funfun sí i. Ó ní òun rò pé igi tí wọ́n fi ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ ni.

"Ṣùgbọ́n a ti gbé gbòǹgbò wá o, Mà," ló wí. "Kì í ṣe pé a kàn yọjú. Lánàá la dé èbúté Wailailai ní ẹ̀yìn erékùṣù. Odindi kílò kan la gbé wá, a fi ìwé ìròyìn wé e, a fi rìbọ́ọ̀nù dì í bí ìwé wa ṣe wí. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbà á. Ó pàtẹ́wọ́, ó sọ̀rọ̀ tó gùn gan-an. Ó ní gbogbo omi yìí tiwa ni, ká wẹ̀, ká pẹja, ká ṣe bó ṣe wù wá. Afẹ́fẹ́ yí padà lóru, ọ̀hún ń mì wá jù, la ṣe yí wá síbí."

"Baálẹ̀ wo?"

"Ratu Inosi."

"Ta ni?"

"Ratu Inosi," ni Hanneke tún un wí, ohùn rẹ̀ ti ń wálẹ̀. "Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì òféèfèé. Eyín iwájú rẹ̀ kan ò sí."

Seruwaia jókòó pẹ̀lẹ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ìbínú ò kúrò lára rẹ̀ o, ó kàn yí orí padà ni. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Àwọn méjì yìí ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wọn láti ṣe. Ẹni tó mọ ojú ààlè, tó gbé òkú Ratu Nemani léjìká, tó sì sunkún lẹ́bàá sàréè débi pé wọ́n ní láti dì í mú, òun ló ta á fún àlejò ní kílò kan.

"Ẹ tú okùn yín," ló sọ fún wọn. "Ẹ gbé ẹja yẹn fún mi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ ró ìró yín, kí ẹ wá sí ilé ìpàdé."

Ó fi ewé bo ẹja náà mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, ó wakọ̀ yí erékùṣù ká lọ sí Wailailai.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin ni Inosi. Ní Nukuvesi, ẹ̀fẹ̀ ló wà láàárín ọmọ arákùnrin àti ọmọ arábìnrin láti kékeré títí dé sàréè. Wọ́n lè bú ara wọn, wọ́n lè pe ara wọn ní ọkọ àti ìyàwó, wọ́n lè jí ẹ̀wù ara wọn lórí okùn. Ohun tí wọn ò gbọdọ̀ ṣe ni kí wọ́n bínú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bínú ló máa san ẹlẹ́dẹ̀. Abẹ́ àṣà yìí ni Inosi ti lo ayé rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ṣe, ẹ̀fẹ̀ ni.

Abẹ́ igi ló dùbúlẹ̀ sí, nínú ṣẹ́ẹ̀tì òféèfèé náà. Yangona ti sọ ojú rẹ̀ di pupa.

"Ìyàwó mi!" ló ké. "Tọwọ́tọwọ́ báyìí? Kí lo fi ewé bò yẹn, èmi ọkọ rẹ lo gbé e wá fún?"

"Inosi, kí lo pe ara rẹ fún àwọn òyìnbó yẹn?"

"Èmi? Mi ò pe ara mi ní nǹkan kan. Wọ́n béèrè baálẹ̀. Mo ní baálẹ̀ ò sí nílé." Ó la ẹnu, àlàfo eyín rẹ̀ hàn. "Irọ́ ni? Ṣé Ratu wà nílé ni? Wọ́n ní ta ló wà nílé nígbà náà, mo ní èmi ni mo wà nílé."

"O sì gba gbòǹgbò."

"Ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni kéèyàn kọ gbòǹgbò àlejò. Ìyá rẹ ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

"O pàtẹ́wọ́ sí i? O sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé?"

"Ó pé dáadáa. Ká ní o wà níbẹ̀, wàá tún mi fẹ́."

"Lórúkọ ta lo fi gbà á?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Inosi wo ilẹ̀. "Orúkọ wo ni n bá fi gbà á, Seru? Lórúkọ ilé bàbá ẹ náà ni. Ọ̀rọ̀ náà ò ní orúkọ mìíràn."

"O mọ̀ pé ààlè wà lójú omi, o sì ní kí wọ́n lọ pẹja."

"Èmi rò pé ibí ni wọ́n máa dúró sí! Ta ló mọ̀ pé wọ́n á yí lọ sọ́hùn-ún? Afẹ́fẹ́ ló ṣe é. Bá afẹ́fẹ́ jà. Ìyàwó mi, ojú ẹ ti le o, o mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ ni."

"Ìwọ nìkan lo mu kílò kan?"

"Ṣé àgbá ni ikùn mi ni?" Inosi gbọn iyanrìn lára ìró rẹ̀, kò wo ojú rẹ̀. "Lọ béèrè lọ́wọ́ Apenisa àti àwọn àgbà yòókù. Apenisa ló mu ife kìíní."

Apenisa ni agbẹnusọ baálẹ̀. Òun àti Seruwaia ni wọ́n jọ ri òpó ààlè mọ́lẹ̀. Ṣé ọkùnrin tó ti ń gba gbòǹgbò lọ́wọ́ àlejò fún ogójì ọdún kò ní mọ gbòǹgbò àlejò nígbà tó bá rí i, pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù lára? Ó mọ̀ ọ́n. Ó kàn pinnu pé òun ò ní béèrè ni.

Seruwaia wọnú ọkọ̀ rẹ̀. Ó wakọ̀ padà sílé, ó dáná.

Ó ha ìpẹ́ sanga náà, ó fọ inú rẹ̀, ó fi orí rẹ̀ sílẹ̀ lódindi, ó sè é nínú omi àgbọn. Bó ṣe ń ha ìpẹ́ náà, èrò kan wá sí i lọ́kàn. Ó rò ó pé ẹja kan ṣoṣo ni, pé àwọn òyìnbó á ti lọ lọ́la, pé ìyá òun á jẹ orí ẹja ní ọjọ́ méje sí i. Ó rò ó dáadáa. Ẹni tó bá ní kò rò ó, irọ́ ló pa mọ́ ọn.

Òórùn ẹja gba abúlé kan. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí irú rẹ̀ ti jáde nínú ìkòkò kankan. Àwọn obìnrin yọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo èéfín. Ohùn ìyá àgbà jáde láti inú yàrá.

"Seru? Òórùn ẹja ni mò ń gbọ́ yìí? Ṣé ó ti pé?"

"Rárá, Màmá. Ẹ sùn."

"Mo rò pé mo ṣì í kà ni."

Ìgbà yẹn ni èrò tó wà lọ́kàn Seruwaia kú.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n pé sílé ìpàdé. Àwọn àgbà márùn-ún wà lórí ẹní, Apenisa wà láàárín wọn, Inosi jókòó sẹ́bàá òpó. Joost àti Hanneke wà lẹ́yìn pátápátá, wọ́n ká ẹsẹ̀, wọ́n tẹrí ba, aṣọ wọn bo orúnkún. Bí wọ́n bá ní kéèyàn mú ẹni tó mọ ìwà hù nínú ilé yẹn lọ́jọ́ náà, àwọn méjì yẹn ni.

Apenisa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ní àwọn àlejò ò lẹ́bi. Wọ́n gbé gbòǹgbò wá, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn, ọmọ ilé ni wọ́n. Gbogbo àwọn àgbà mirí. Ó ní Inosi ti ṣe bí ọmọdé, wọ́n á bá a wí. Inosi náà mirí.

"Ó wá ku ọ̀rọ̀ ààlè," ni Apenisa wí. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹja kan ni. Òpó ò wó. Ọjọ́ méje péré ló kù. Ta ló rí i yàtọ̀ sí wa? Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ bo ara wa láṣìírí." Ó wá yíjú sí Seruwaia, ó sì dẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ọmọ mi, ro ti ìyá rẹ. Bá a bá ní ká padà sí orí ení, ṣé o rò pé ìyá yẹn á bá wa dé ọgọ́rùn-ún mìíràn?"

Ọ̀rọ̀ tó dára ni, òótọ́ sì ni, ìdí nìyẹn tó fi ríni lára. Wọ́n ti gbé opó baálẹ̀ tí kò léyín mọ́ síwájú ìtìjú ara wọn bí ẹni fi ẹní dí ojú ihò.

Seruwaia dìde. Ó gbé àwo igi ńlá wọlé, ó gbé e sílẹ̀ láàárín wọn, ó ká ewé kúrò lórí rẹ̀. Orí sanga ń wo àwọn àgbà.

"Ẹ̀yin bàbá," ló wí, "ẹ mu yangona lánàá. Ahọ́n yín á ṣì korò. A kì í mu yangona kéèyàn má fi nǹkan sẹ́nu lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Gbòǹgbò tí ẹ mu ló bí ẹja yìí. Ẹ jẹ ẹ́."

Kò sẹ́ni tó mira.

"Bàbá Apenisa, ẹ̀yin lẹ mu ife kìíní. Ẹ bẹ̀rẹ̀."

Apenisa ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Inosi rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyàwó mi, ṣé o tiẹ̀ rántí fi iyọ̀ sí i?"

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Seruwaia fi ẹsẹ̀ ti àwo náà títí tó fi kan orúnkún rẹ̀. "Tọ́ ọ wò, kó o lè mọ̀."

"Seru..."

"Tọ́ ọ wò! O ní baálẹ̀ ni ẹ́. Orí sanga, oúnjẹ baálẹ̀ ni. Bù ú!"

Ọwọ́ Inosi jáde, ó dé etí àwo, ó padà. Àgbà kan kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ẹ̀fẹ̀, pé Seruwaia ti bínú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, pé ẹlẹ́dẹ̀ ti wọ̀ ọ́.

"Ẹlẹ́dẹ̀?" Seruwaia yíjú sí i. "Èyí tó funfun lórí nínú ọgbà mi, tí mò ń sìn fún àsè bàbá mi, ẹ lọ mú un. Ẹ mú un lónìí. Mo ti san ẹlẹ́dẹ̀ mi, ẹ jẹ́ kí n bínú tẹ́rùn! Ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ni ìyá mi fi jẹ ẹ̀gẹ́ tí mo gún fún un nítorí kò léyín. Ẹ ò kì í, ẹ ò bẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ tí ẹ wá rántí pé ó wà láyé lọjọ́ tí ẹ fẹ́ fi í bo ara yín. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyá mi nu ẹnu yẹn! Bàbá mi ò lè bá yín sọ̀rọ̀ mọ́. Ààlè yẹn nìkan ni ohùn tó kù fún un. Kílò kan lẹ fi pa á lẹ́nu mọ́, tí ẹ sì fẹ́ bọ́ aṣọ dúdú ní ọjọ́ méje sí i, kí ẹ máa jẹun lórí rẹ̀ bí ẹni tó ṣe dáadáa!"

Ó dákẹ́, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ tán, èémí ló tán.

Apenisa pẹ́ kó tó dìde. Ó jáde. Àwọn kan rò pé ó bínú lọ ni. Nígbà tó padà, eyín àbùùbùtán kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, èyí tó pọ́n bí oyin, tó ní okùn híhun. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Òun ló pa mọ́ láti fi tọrọ ìyàwó fún àbígbẹ̀yìn rẹ̀, kò sì ní méjì. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá lọ sójú oórì, ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, ó gbé eyín náà kalẹ̀.

"Ratu," ló wí, "àwa la ṣe é. Kì í ṣe àlejò."

Ó fẹ́ sọ síwájú sí i, kò lè sọ ọ́. Ọkùnrin tó ti fi ogójì ọdún sọ̀rọ̀ fún ẹlòmíràn kò rí ọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀.

Wọ́n sin ẹja náà sẹ́bàá oórì, àti orí àti ìrù. Joost wá dúró níwájú Seruwaia, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ó béèrè ohun tí àwọn lè ṣe. Ó ní bó bá jẹ́ pé káwọn dúró de ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tuntun náà ni, ìgbà ìjì ò ní jẹ́ káwọn lè dúró ju oṣù méjì lọ.

"Ẹ máa lọ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dára," ni Seruwaia dá a lóhùn. "Kó tó dìgbà náà, ẹ̀gẹ́ ni kí ẹ máa jẹ bíi tiwa, ọmọ ilé ni yín. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí ẹ bá ti ju ìdákọ̀ró, ẹ má sọ pé baálẹ̀ Nukuvesi gba gbòǹgbò lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ pé baálẹ̀ Nukuvesi ti kú."

Hanneke yọ ìwé wọn nínú àpò, ó kọ ọ́ sí etí ojú ewé.

Nígbà náà ni Seruwaia wọlé lọ mú okùn kókó lára ògiri. Ó ju ú sí itan Inosi níbi tó wá jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà wọn, lójú gbogbo ènìyàn.

"Tú u."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ìwọ lo pa ọjọ́ wọ̀nyẹn. Tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Okùn àgbọn kì í ṣe okùn tó rọ̀ ọwọ́. Omi àti òógùn ti mú àwọn kókó náà le bí èkùrọ́. Inosi fi èékánná tú ìkíní, ó fi eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ tú ìkejì. Seruwaia fi í sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ bá ìyá rẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ẹní. Láti ìdájí ni kò ti bẹ̀rù nǹkan kan bí ó ṣe ń bẹ̀rù ìbéèrè yìí.

"Seru, ó ku mélòó?"

"Ọgọ́rùn-ún, Màmá."

Ọwọ́ ìyá àgbà náà dúró lórí ìró dúdú. Láti ìta, wọ́n ń gbọ́ Inosi tó ń mí gúlegúle bí ẹni ń gé igi.

"Ọdún mẹ́ta ni bàbá rẹ fi mú mi dúró kó tó wá fẹ́ mi," ló wí nígbà tó yá. "Lójoojúmọ́ ni mò ń lọ wo etíkun. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n wá fẹ́ fi dẹ́rù bà mí?"

Seruwaia mọ̀ pé ìyá òun ń tu òun nínú ni. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí ọwọ́ ìyá náà tutù, àti nítorí pé kò dárúkọ orí ẹja mọ́. Ìbínú tó rò pé òun ti lò tán tún gbérí.

"Inosi ló ń tú okùn?" ni ìyá àgbà béèrè.

"Òun ni, Màmá."

"Sọ fún un kó ṣe kíá. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà."

Seruwaia jáde. Oòrùn ti ń wọ̀, ọkọ̀ àwọn òyìnbó dúró jẹ́ẹ́ lójú omi, ó jìnnà sí òpó. Inosi dé kókó kọkànlélógún, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń jáde lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó gbójú sókè wò ó bí ẹni ń tọrọ nǹkan. Seruwaia jókòó síwájú rẹ̀ nínú ìró dúdú rẹ̀, ó jíṣẹ́ ìyá rẹ̀ fún un, kò sì bá a tú ẹyọ kan.